Fèrèsé Tí Wọ́n Bò Lọ́sàn-án

Àáké wà lọ́wọ́ Wobbe, ó ń fi gé yìnyín yí ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀ ká, nígbà tó rí ọmọbìnrin kan tó ń bọ̀ lórí odò tó ti dì, tó so okùn mọ́ àyà, tó fi ń wọ́ àwọn agolo wàrà lórí pákó bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti pọ́n nítorí òtútù. Atẹ́gùn ti ṣí ìborùn kúrò lórí rẹ̀, irun rẹ̀ aláwọ̀ koríko gbígbẹ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, irin abẹ́ bàtà rẹ̀ sì ń ké lórí yìnyín bó ṣe ń sáré bọ̀. Wobbe gbàgbé àáké sọ́wọ́, ó ń wò.

Ìyẹn ni kò fi rántí kígbe. Ó ti kù díẹ̀ kí ọmọ náà já sínú omi kó tó rí ihò tí Wobbe gbẹ́ sílẹ̀. Ó yí ẹsẹ̀ padà, ó ṣubú gbì, agolo kan ṣí, wàrà sì ṣàn sórí yìnyín.

"Ṣé o fẹ́ pa èèyàn ni?" Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń na ìka sí i. "Ta ló kọ́ ẹ pé kí o gbẹ́ ihò, kí o má fi ẹ̀ka igi sàmì sí i?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi sí i ni."

"Ìgbà wo? Ìgbà tí wọ́n bá fà mí yọ tán?"

Ọmọdé pàápàá mọ̀ ní ilẹ̀ wa pé ẹni tó bá fọ́ yìnyín gbọ́dọ̀ ri ẹ̀ka igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Wobbe mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò kàn lè sọ pé ojú òun ló gbé òun lọ. Ó sọ àáké sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa agolo, ó gba okùn lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó fa ẹrù náà dé ilé iṣẹ́ wàrà, ó tún fa agolo òfìfo padà. Kí wọ́n tó dé ẹnu pápá bàbá ọmọbìnrin náà, Wobbe ti mọ̀ pé Rinske lorúkọ ọmọ náà, pé ẹnu rẹ̀ mú, àti pé bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó máa ń fọwọ́ bo eyín iwájú rẹ̀ tó gun ara wọn.

Inú ọkọ̀ ni wọ́n bí Wobbe sí, inú ọkọ̀ náà ni ìyá rẹ̀ kú sí. Òun àti Harmen bàbá rẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ń kó ẹrù kiri gbogbo odò Friesland, ilẹ̀ wa, iyanrìn lónìí, pòtétò lọ́la. Òtútù ọdún yẹn ló ká wọn mọ́ Alderhiem, abúlé wa. Omi dì mọ́ ọkọ̀ wọn lára, wọn ò ríbi lọ.

Oene, bàbá Rinske, ní tirẹ̀, alàgbà ìjọ ni, ó ní màlúù tó sanra àti ilé tó kọjú sí odò, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ará ọ̀nà fi lè ka iye ife tó wà lórí tábìlì. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Àmọ́ ó kórìíra àwọn ọlọ́kọ̀ bí ẹni kórìíra eku. Ó ní wọn kì í ní àdúgbò, wọn kì í ní ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, adìẹ ló sì máa ń sọnù níbi tí wọ́n bá so ọkọ̀ mọ́. "Ohun tí omi bá gbé wá," ó máa ń wí, "omi náà ni yóò gbé e lọ." Rinske gbọ́ ọ títí ó fi há a lórí, ó sì ń lọ pàdé ọmọ orí omi lọ́sọ̀ọ̀sán. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí nǹkan ṣe ń rí.

Wọ́n jọ ń fi irin sáré lẹ́yìn tí wàrà bá ti délé iṣẹ́. Wọ́n ń mu wàrà gbígbóná aládùn lábẹ́ àgọ́ tí wọ́n pa sórí yìnyín. Wobbe kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Rinske ló ń sọ tiwọn méjèèjì. Ó ń pè é ní "ọmọ ìyá ẹja," ó ní ó dà bí ẹni pé ó ń wẹ̀ nígbà tó bá ń rìn lórí ilẹ̀. Wobbe á ní, "Òun náà lo ń tẹ̀lé kiri yìí," Rinske á sì fọwọ́ bo ẹnu.

Afárá pákó kan wà lẹ́yìn oko Oene, ó relẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ lórí yìnyín gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àṣà abúlé wa ni pé bí ọmọkùnrin bá mú ọmọbìnrin gba abẹ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fẹnu kò ó lẹ́nu kí wọ́n tó yọ lódìkejì. Àwọn àgbà á ṣe bí ẹni pé àwọn ò mọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tí kò gba ibẹ̀ rí nínú wọn.

Ọ̀sán tí mo ń sọ yìí, ojú ọ̀run ti ṣú, afẹ́fẹ́ ti yí sí ìhà òkun, gbogbo ayé mọ̀ pé yìnyín fẹ́ yọ́. Àwọn méjèèjì lọ́ ara wọn pọ̀ lábẹ́ afárá náà, wọn ò yára jáde.

"Yìnyín á lọ," ni Wobbe wí. "Àwa náà á bá a lọ. Tí mo bá padà wá tọrọ ẹ lọ́wọ́ bàbá ẹ, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Rinske wò ó títí. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. "Àmọ́ kọ́kọ́ lọ fọ ọrùn ẹ, èédú ló kún un."

Ayọ̀ ló mú Rinske dìde. Ó gbàgbé ibi tó wà, ó fò dìde lójijì, orí rẹ̀ sì lu igi ńlá tó gbé afárá náà dúró. Ìró rẹ̀ rinlẹ̀. Rinske jókòó padà, ó fọwọ́ gbá orí mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí nǹkan. Wobbe tú irun rẹ̀ wò, kò rí ẹ̀jẹ̀, kò rí ọgbẹ́.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Rinske béèrè ibi tí ìbọ̀wọ́ òun wà. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wobbe fi hàn án, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rìn díẹ̀ sí i, ó tún béèrè ìbọ̀wọ́ náà. Àyà Wobbe já, àmọ́ aláwàdà ni Rinske, ó sì wù ú kó jẹ́ àwàdà. Ó mú un dé ẹ̀bá pápá bàbá rẹ̀. Rinske ní kó má wá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí bàbá òun má rí i. Wobbe dúró ń wò ó títí ìlẹ̀kùn fi pa dé.

Kò pẹ́ tí Rinske wọlé tó fi bì sílẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ó bi Hiske, ìyá rẹ̀, bóyá wọ́n ti gbé wàrà lọ. Ìyá rẹ̀ dáhùn, ó sì tún bi í, ó tún bi í, ohùn kan náà, ojú kan náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rí gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé òun forí gbá nǹkan. Hiske ránṣẹ́ pe Dókítà Terpstra.

Dókítà gbé àtùpà sí i lójú, ó fọwọ́ tẹ agbárí rẹ̀ káàkiri, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè Látìn: commotio. Oene tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni di àga mú.

"Dókítà, kí ni ìtumọ̀ ẹ̀? Ṣé ikú ni?"

Ó ti rẹ ọkùnrin náà, àmọ́ ó fìdí lélẹ̀, ó ṣàlàyé fún wọn. Ó ní ohun tó mì ni àwọn ará Róòmù ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pè, ì báà jẹ́ ilé, ì báà jẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn ò balẹ̀. Àwọn oníṣègùn àtijọ́ ló yá a lò fún orí. Wọ́n á rí ẹni tí nǹkan gbá lórí, tí iyè rẹ̀ ṣí, tàbí tó kú. Wọ́n á la agbárí wò, egungun ò ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò dà, kò sí ohun tí wọ́n lè nàka sí. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju pé inú rẹ̀ ti mì. Nítorí náà wọ́n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, nígbà tí wọn ò rí ohun tójú lè rí. "Ọpọlọ mímì tí àwa ń pè é nílé, nǹkan kan náà ni," ó wí. "Tí ẹ bá gbé agolo wàrà sórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin gba ọ̀nà gbágungbàgun, agolo ò ní fọ́, wàrà ò ní dànù, àmọ́ ẹ mọ bí inú ẹ̀ ṣe máa rí. Kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

"A máa ń gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́ ni," ni Oene wí.

"Ohun tí ẹ máa ṣe fún ọmọ yín náà nìyẹn. Kó sùn gbalaja, kó má ní ìrọ̀rí. Kó má kàwé, kó má ran nǹkan, kí ẹnì kankan má bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni. Kí ìmọ́lẹ̀ má sì kàn án lójú. Ẹ fa aṣọ fèrèsé."

Hiske gbé ojú sókè. "Lọ́sàn-án gangan? Dókítà, wọ́n á ní òkú wà ńlé."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ó sàn ju kó rí bẹ́ẹ̀ lọ."

Ẹni tí kò bá dàgbà láàárín wa lè ní kí ló wà nínú aṣọ fèrèsé. Àwa kì í bo fèrèsé lọ́sàn-án. A ó to òdòdó síbẹ̀, a ó fa aṣọ rẹ̀ sápá kan, kí ará ọ̀nà rí wa nídìí kọfí wa, kó mọ̀ pé a ò fi nǹkan pamọ́. Ọjọ́ ikú nìkan la máa ń bò ó. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, tí wọ́n rí iyàrá iwájú Oene ní bíbò, aládùúgbò kìíní ti dé pẹ̀lú aṣọ dúdú àti fìlà lọ́wọ́, ó ti ń da omi lójú. Hiske ṣí ìlẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ má sunkún o, ó ń mí, dókítà ló ní ká bò ó." Bó ṣe ṣe fún ìkejì nìyẹn, bó ṣe ṣe fún ẹlẹ́kẹta. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo abúlé ti gbọ́ òótọ́, wọ́n sì ti ń bínú pé àwọn ti wọ aṣọ dúdú lásán. Bẹ́ẹ̀ làwa èèyàn rí.

Àmọ́ àwa tá a wà lórí ilẹ̀ nìkan la rí ìlẹ̀kùn kàn, àwọn tó wà lójú omi ò rí tiwọn kàn.

Òjò ti rọ̀ ní gbogbo òru, ọkọ̀ afọ́yìnyín sì dé ní kùtù ọjọ́ yẹn. Bó bá ti la ọ̀nà sáàárín odò, gbogbo ọkọ̀ tó há ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e kíákíá kí yìnyín tó pa dé, ẹni tó bá dúró á dí àwọn ẹ̀yìn. Harmen mú ìdí ọkọ̀. Wobbe wà níwájú, ó ń fi ọ̀pá ti yìnyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ sì ń wá ilé Oene. Ó ti pinnu pé òun á juwọ́ sí i. Ó rí i, ó sì rí fèrèsé ńlá náà ní bíbò ní ojúmọmọ.

"Bàbá, ẹ dúró."

"Mi ò lè dúró. Ọkọ̀ wà lẹ́yìn wa."

"Bàbá, ẹ wo ilé yẹn."

Harmen wò ó, ó ṣí fìlà lórí. Ó béèrè ẹni tó lè jẹ́. Wobbe sọ gbogbo rẹ̀ fún un, afárá, igi, ìbọ̀wọ́ tí Rinske béèrè lẹ́ẹ̀mejì, bí òun ṣe gbọ́ ọ tí òun sì jẹ́ kó dá lọ sílé. Ó ní òun fẹ́ bọ́ sílẹ̀ níbi ọkọ̀ bá ti kọ́kọ́ dúró, kí òun padà lọ bá wọn.

"Kí lo máa lọ sọ lónìí?" ni Harmen wí. "Ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ sin. Jẹ́ kí wọ́n sin ín ná, Wobbe."

Ìfẹ́ ọmọ ló mú bàbá náà sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni létí, ó sì ba nǹkan jẹ́ ju ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ lọ.

Ọdún yẹn ṣòro. Wobbe ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò sí nílé. Bí wọ́n bá rí ẹrù gbà sí ìhà ọ̀dọ̀ wa, á ní kí bàbá òun má gbà á. Harmen rí i bó ṣe ń rù, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Nígbà míì, bí wọ́n bá ń kó pòtétò sínú ọkọ̀, Wobbe á dúró lójijì, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbà pé apààyàn ni òun, àti pé ẹ̀rù ló ba òun tí òun kò fi tíì lọ jẹ́wọ́.

Rinske ní tirẹ̀ sùn sínú òkùnkùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu, ó rántí ihò yìnyín, ó rántí wàrà gbígbóná, ó rántí ọmọ ìyá ẹja. Ti ọjọ́ ìkẹyìn nìkan ni kò rántí. Ó rántí pé òun gbé agolo wàrà kúrò nílé láàárọ̀, ó sì rántí pé ìyá òun ń nu ojú òun. Kò sí nǹkan kan láàárín méjèèjì. Ó bi ìyá rẹ̀ bóyá ọmọ ọlọ́kọ̀ kan wá béèrè òun. Hiske ní rárá, pé gbogbo ọkọ̀ ti lọ. Rinske kọjú sí ògiri. Ó rò pé bàbá òun ló jàre, pé omi ti gbé e lọ. Ó sunkún, ẹkún sì ń dá kún orí fífọ́, nítorí náà ó kọ́ bí èèyàn ṣe ń sunkún láìmi ara.

Nígbà tí wọ́n ṣí fèrèsé padà, kì í ṣe Rinske àtijọ́ ló dìde. Ariwo ń gún un lágbárí. Ọ̀rọ̀ kékeré á sá mọ́ ọn lẹ́nu, irú "ṣíbí" tàbí "àná," á dúró, á máa wá a. Kò lè sáré, kò lè wọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wò ó tẹ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibòmíràn.

Ìgbà ìkórè kejì dé, Wobbe fúnra rẹ̀ ló sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó gba ẹrù pòtétò tí wọ́n fẹ́ kó ní Alderhiem. Bí ọkọ̀ ṣe dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sí itẹ́ òkú. Àwa kì í tètè gbé òkúta sórí sàréè, a máa ń dúró kí ilẹ̀ rọlẹ̀ ná. Ó rí òkìtì kan tí kò ní orúkọ, tí koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lórí rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó ń ṣe wàràkàṣì nígbà ayé rẹ̀ ni wọ́n sin síbẹ̀. Wobbe rò pé Rinske ni, ó kúnlẹ̀ tì í, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Àánú rẹ̀ ṣe mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Láti ibẹ̀ ó lọ sí ilé Oene. Kò wo fèrèsé. Ẹni tó bá ní ẹ̀kọ́ kì í yọjú wo inú ilé onílé. Ẹnu ilé màlúù ló ti bá Oene, ó ṣí fìlà.

"Bàbá, ẹ ò mọ̀ mí. Inú ọkọ̀ ni mo ti wá. Èmi ni mo wà pẹ̀lú ọmọ yín lábẹ́ afárá lọ́jọ́ tó forí gbá igi. Mo rí i pé ara ẹ̀ ò dá, mo sì jẹ́ kó dá wálé. Èmi ni mo pa á. Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni kí ẹ fi mí ṣe."

Kò yé Oene lákọ̀ọ́kọ́, ìgbà tó wá yé e, ó bojú wẹ̀yìn wo ògiri ilé. Rinske wà lẹ́yìn ògiri yẹn gan-an, ó ń bó èso péà. Gbólóhùn kan ló kù kí ó sọ. Ó wo ọmọ náà, bàtà rẹ̀ tó lẹ́rẹ̀, ọrùn rẹ̀ tí èédú kún, ó sì rò ó pé omi ló gbé èyí wá.

"Ọlọ́run ló ń dájọ́," ó wí. "Máa lọ."

Wobbe tẹrí ba, ó lọ. Oene dúró sẹ́nu ilé màlúù, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò purọ́.

Wọ́n jẹun ọ̀sán. Nílé wa, bí a bá jẹun tán, bàbá ilé á mú Bíbélì, á kà á láti ibi tó dúró sí, a ò ní dìde kó tó parí. Oene ṣí ìwé náà, ó la ẹnu, kò rí ohùn. Ó tún gbìyànjú. Lẹ́yìn náà ó pa ìwé dé láìkà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí nílé yẹn.

"Bàbá Rinske, ṣé kò rẹ̀ yín?" ni Hiske bi í.

Oene kọjú sí Rinske. "Ọmọ ọlọ́kọ̀ kan wá láàárọ̀ yìí. Ó wá jẹ́wọ́ pé òun ló pa ẹ́. Ó rí fèrèsé tá a bò, ó sì gbà pé o ti kú láti ìgbà náà. Mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀."

Rinske dìde. Kò bú bàbá rẹ̀, kò tiẹ̀ wò ó. Ó mú ìborùn, ó jáde, ó ń rìn jẹ́jẹ́, nítorí tó bá sáré, á ṣubú lójú ọ̀nà. Hiske dì í lápá mú. Wọ́n gbọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kù ní èbúté, Rinske sì ń sunkún bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò lè yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ni Oene gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Alàgbà ìjọ, pẹ̀lú bàtà igi lẹ́sẹ̀, ó ń sáré láàárín abúlé ní ọ̀sán gangan. Àwọn èèyàn yọ síta. Bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò padà mú un. Wọ́n ti tú okùn nígbà tó dé èbúté, ó sì di okùn náà mú bí ẹni di ìwo màlúù mú, kò lè sọ̀rọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó wà láàyè," ó wí fún Wobbe nígbà tó rí èémí. "Mo mọ̀ nígbà tí o dúró níwájú mi. Mi ò sọ fún ẹ. Dárí jì mí."

Wobbe jókòó sórí òkìtì pòtétò. Harmen pa ẹ̀rọ. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí Rinske fi yọ ní ìkángun ọ̀nà, tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Wọ́n ní o pa mí," ó wí. "O ò ṣe é dáadáa."

Wobbe fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó sọ̀ kalẹ̀, kò fọwọ́ kàn án, ẹ̀rù ń bà á bí ẹni pé ó lè fọ́. Ó sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó sì rí i lójú rẹ̀ pé bí ìròyìn ẹlòmíì ló ṣe ń gbọ́ ọ.

"O bi mí pé ṣé màá fẹ́ ẹ," ni Rinske wí. "Kí ni mo sọ?"

"O ní bẹ́ẹ̀ ni. O ní kí n kọ́kọ́ lọ fọ ọrùn mi."

"Ó jọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi." Ó wo ọrùn náà. "Àmọ́ mi ò rántí ẹ̀, Wobbe. Mo ti wá a títí. Ẹni tó sọ ọ́ fún ẹ, kì í ṣe èmi tí o ń wò yìí. Èmi yìí máa ń gbàgbé orúkọ ṣíbí. Lọ́jọ́ míì mi ò lè wo ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ọkọ̀ yín yẹn, tí mo bá sùn lórí ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, orí mi á bàjẹ́. Dókítà ní ohun tó ti mì kò gbọdọ̀ mì mọ́."

"Màá sọ̀ kalẹ̀."

"Orí ilẹ̀ ò bá ẹ lára mu."

"Màá kọ́ ọ."

Harmen wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó gbọ́ ọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, ọkọ̀ yẹn ò sì ṣe é dá tù. Ó yọ jáde, ó gbé àpò aṣọ Wobbe lé orí èbúté, ó padà sínú. Ó pẹ́ kí ó tó tún yọjú, ojú rẹ̀ sì pọ́n nígbà tó yọ.

Wobbe gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ wàrà, ó ń fa agolo. Òdodo ọ̀rọ̀, orí ilẹ̀ kò bá a lára mu. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, á dúró láàárín ọ̀nà, á kọjú sí odò, a ó sì mọ̀ pé kò sí lọ́dọ̀ wa. Harmen gba ọmọ àjèjì kan sínú ọkọ̀. Tó bá ń kọjá lẹ́yìn ilé Oene, á pa ẹ̀rọ, á jẹ́ kí omi gbé ọkọ̀ náà kọjá jẹ́ẹ́, nítorí orí ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, bàbá àti ọmọ á juwọ́ síra wọn.

Wọ́n ṣègbéyàwó nígbà tí koríko tuntun yọ. Rinske bẹ̀ wá pé ká má tẹ dùùrù, ká má sì kọrin, inú ń bí atẹdùùrù wa títí di òní. A jókòó bí ẹni wà níbi ìsìnkú. Pásítọ̀ bi Wobbe léèrè, ó dáhùn. Ó bi Rinske.

Rinske la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà sì sá. Gbogbo wa rí i bó ṣe sá. Ó di etí pẹpẹ mú, ojú rẹ̀ ń wá káàkiri bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi. Hiske ti fọwọ́ bojú. Oene fẹ́ dìde. Pásítọ̀ tẹ̀ síwájú, ó fẹ́ sọ ọ́ sí i létí, Wobbe sì fi ọwọ́ dá a dúró. Ó kàn dúró tì í, ó ń wò ó, kò kánjú, bí ẹni pé gbogbo ọdún tó kù láyé ni òun fi wá síbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ títí ó fi ń dun èèyàn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Rinske wí.

Lójú ọ̀nà ilé, wọ́n rọra ń rìn níwájú wa, nítorí Rinske kò lè wọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ó fa Wobbe lọ́wọ́.

"Mo sọ ọ́, àbí mi ò sọ ọ́?"

"O sọ ọ́."

"Mo mọ̀," ó wí. "Mo rántí ẹ̀."